Irin tó nípọn jù kọ́ ló ń mú oníbàárà padà wá

Ó yẹ kí àwọn tó ń tún Dodge Charger ayé àtijọ́ ṣe l'Amẹ́ríkà ṣọ́ra. Irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní torsion bar, tí Chrysler fi rọ́pò sípíríǹgì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1957, kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń fi títóbi rà. Bó bá fi ìdá 10 nínú 100 nípọn sí i, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 46 lé sí i. Ìyẹn dáa fún ọkọ̀ ìje. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń fi tiẹ̀ najú lọ́jọ́ Sunday ńkọ́? Bí kòtò bá ti ń gbé e sọ sókè, owó rẹ̀ ni yóò wá gbà padà. Kí oníṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń wà á lọ. Tòsì kì í sì í ṣe tọ̀tún o. Kó wo àmì L àti R tó wà lára irin náà dáadáa.