Ẹ wo kóònù kí ẹ tó ra damper

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá tẹ́ ẹ ń fi Bajaj kó ẹ̀gẹ́ láti oko Akínyẹlé wá sí Mọ́níyà, ta ló ní steering damper ló kàn yín? Torí ẹ rí i lára power bike lórí TikTok? Ìyẹn ń sá eré burúkú, ó yẹ ẹ́.

Tí hándù tiyín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ mi ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Tó bá ń ró kọ̀-kọ̀, kóònù ọrùn rẹ̀ ti jẹ tàbí ó ti tú. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà náà. Ẹrù yín ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá di àpò mẹ́ta sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, hándù á máa jó. (Ẹ má bínú o.)

Damper á kàn bo àìsàn yẹn mọ́lẹ̀ ni, á tún mú hándù wúwo nínú kòtò. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín: ṣé ó tiẹ̀ wo kóònù yín?