Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́ Ìṣirò Kí Á Tó Kọ́ Ilé Átọ́míìkì

Kò sí ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó tí a ní láti júwe òkùnkùn fún. Ní oṣù September 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde ní Ọ̀yẹ́ nítorí àìsí iná mànàmáná, ẹ̀mí sì ṣòfò nínú rògbòdìyàn náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí iná átọ́míìkì fún wa, kò yani lẹ́nu bí a bá pàtẹ́wọ́. Ní 2017, ìjọba Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Rosatom, ilé-iṣẹ́ Rọ́ṣíà, lórí kíkọ́ ilé-iṣẹ́ iná bẹ́ẹ̀. Geregu ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí ó bá wa pààlà, sì wà lára ibi tí a yàn. A kò tíì kọ́ ọ títí di òní. Àwa kò lòdì sí i. Ohun tí à ń bèèrè ni pé: ta ni yóò bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀?

Nínú ìléru átọ́míìkì, níútírọ́ọ̀nù kan a máa la átọ́ọ̀mù yùréníọ́mù sí méjì. Ooru a jáde, níútírọ́ọ̀nù mìíràn a sì jáde pẹ̀lú rẹ̀, tí yóò tún lọ la òmíràn. Bí owó ṣogúndogójì ni ó rí: èlé ń bí èlé. Ká ní 1,000 di 1,001 ní ìran kan, tí ìran kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Kí olùkọ́ ìṣirò gbé gègé: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, agbára ìléru náà yóò ti di nǹkan bí ìlọ́po 22,000. Ọwọ́ ènìyàn kò lè ká irú iná bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó kó wa yọ ni pé kì í ṣe gbogbo níútírọ́ọ̀nù ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú 1,000, iye tí í pẹ́ kí ó tó jáde kò tó méje. Àwọn kan nínú wọn a tilẹ̀ pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn apẹ́dé díẹ̀ yìí ni ìjánu ìléru. Nítorí wọn, àlékún kan náà yóò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ kí agbára tó di ìlọ́po méjì, àyè yóò sì wà láti ti ọ̀pá ìdarí bọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlékún bá ju iye àwọn apẹ́dé lọ, ìjánu já nìyẹn. Ayé rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Chernobyl ní 26 April 1986, nígbà tí agbára ìléru fò sókè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Àwọn onímọ̀ pín àwọn apẹ́dé sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, ìdọ́gba kan fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìkeje fún àpapọ̀ níútírọ́ọ̀nù. Ìdọ́gba méje yìí, pẹ̀lú ìṣirò ooru àti omi, ni a fi ń mọ ohun tí ìléru yóò ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó bá tà á fún wa yóò bá wa ṣírò rẹ̀. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ẹni tí ó ra gààrì láìmọ kóńgò, iye tí olùtajà bá wọ̀n fún un ni yóò gbé lọ sílé. Òfin 1995 ni ó dá àjọ tí yóò máa ṣọ́ irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ́nà tí kò lè ṣírò fúnra rẹ̀ kò ṣọ́ nǹkan kan. Kì í sì ṣe pé a kò lè ṣe é. Ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ìléru ìwádìí kékeré kan, tí agbára rẹ̀ tó 30 kilowatt, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004 lábẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní 2018, a pààrọ̀ yùréníọ́mù inú rẹ̀ sí irú èyí tí kò ṣe é fi ṣe bọ́ǹbù.

Àwa Èkìtì a máa fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa yangàn. Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ìṣirò yìí kò béèrè ìléru. Kọ̀ǹpútà lásán tó o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí olùkọ́ ìṣirò ní Ìdó tàbí Ọ̀tún kò ní dé ibẹ̀ láéláé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìṣirò di ẹrù-jẹ̀jẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, bí olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í ní iye olùkọ́ ìṣirò tí yóò gbà sí ilé-ìwé girama kọ̀ọ̀kan. Kí ìjọba Àbújá pẹ̀lú má ṣe fi òkúta ìpìlẹ̀ kankan lélẹ̀ títí àwọn onímọ̀ tiwa yóò fi ṣe ìṣirò náà tán, tí wọn yóò sì gbé e jáde fún gbogbo ayé rí. Iná tí a kò bá lè ṣírò, kí á má ṣe tàn án.