Ìkòkò Irin Tí Kì í Ṣe Irin

Gbólóhùn kan ti sú mi láti gbọ́ láàárín àwa Yorùbá tí à ń gbé ní Al Qasimia níbí, ní Sharjah: "Induction kì í ṣe fún oúnjẹ tiwa." Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yàrá àjọgbé, tó gba ilé tirẹ̀, tó wá ń béèrè irú kúkà tó yẹ kó rà, kò ní pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n kan á fi dá a lóhùn pé kó má fi owó rẹ̀ ṣòfò, kó máa lo gáàsì rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní ti àwọn ará Íńdíà àti àwọn Òyìnbó ni nǹkan onígíláàsì yẹn, kò ṣeé ro àmàlà, ọbẹ̀ orí rẹ̀ kì í dùn. Bí ẹ bá bi ẹ̀gbọ́n náà pé ṣé ó ti lò ó rí, á ní òun dán an wò nílé ọ̀rẹ́ òun, ó kàn ń ké tí-tí-tí, kò gbóná.

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kó ké. Ìkòkò tí wọ́n gbé lé e ni. Ẹ̀bi ìkòkò la ti ń dì lé kúkà lórí látọjọ́ yìí, èmi sì fẹ́ gbèjà kúkà lónìí, torí owó àti ìlera àwọn èèyàn wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lábẹ́ gíláàsì yẹn, wáyà bàbà ló wà, tí wọ́n ká róbótó bí òṣùká. Iná mọ̀nàmọ́ná ń gba inú rẹ̀, ó ń yí padà síwá sẹ́yìn nígbà tó lé ní 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló ń bí agbára òòfà, òòfà náà ló ń dá iná sílẹ̀ nínú ìdí ìkòkò, ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀ ló sì ń gbóná. Gíláàsì ò gbóná fúnra rẹ̀. Ooru tí ìkòkò bá fi sílẹ̀ lórí ẹ̀ lẹ ń fọwọ́ bà. Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe nǹkan àná. Michael Faraday ti rí ìlànà yìí ní 1831. Láàárín àwọn ọdún 1950, Frigidaire, tó jẹ́ ti General Motors nígbà náà, gbé irú kúkà yìí káàkiri Amẹ́ríkà láti fi han aráyé: wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sáàárín kúkà àti ìkòkò, omi hó, ìwé ò jó.

Ìkòkò tó bá máa gbóná lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òòfà lè mú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìkòkò irin. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìkòkò aláwọ̀ eérú tó nípọn, tó ní etí méjì, tí ìdí rẹ̀ rí roboto, tí ọ̀pọ̀ wa fi ìró wé sínú àpótí láti Èkó tàbí Ìbàdàn, tí a tún sanwó ẹrù lé lórí ní pápákọ̀ òfurufú. Irin là ń pè é. Kì í ṣe irin. Álúmíníọ̀mù ni, tí àwọn arọ́kòkò wa yọ́ láti ara agolo, ara ẹ́ńjìnnì àti àlòkù mọ́tò, tí wọ́n sì dà sínú yanrìn kó tó di ìkòkò. Ẹ mú òòfà tó lẹ̀ mọ́ ara fìríjì yín, ẹ fi kan ìdí ẹ̀. Á já bọ́. Irin tí òòfà ò mú, irin wo nìyẹn? Induction ò kórìíra Yorùbá. Ó wá irin nínú ohun tí à ń pè ní irin, kò rí i, ló bá figbe ta.

Mo ti gbọ́ ìdáhùn wọn: "Ìkòkò ìyá mi nìyẹn, òun ni mo jẹun nínú ẹ̀ dàgbà." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Ní 2014, Jeffrey Weidenhamer, onímọ̀ kẹ́místrì ní Ashland University ní ìpínlẹ̀ Ohio, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí irú ìkòkò yìí gan-an, èyí tí wọ́n rọ láti ara àlòkù irin ní Kamẹrúùnù, ẹnu ààlà wa níbẹ̀ yẹn. Wọ́n fi omi kíkan sè é bí ẹni tó ń se ọbẹ̀, òjé sì ń yọ́ jáde láti ara ìkòkò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, àwọn ọmọdé ló sì ń bá jà jù. N ò sọ pé gbogbo ìkòkò irin Nàìjíríà ló ní òjé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó rọ ọ́ gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí kò mọ inú àlòkù mọ́tò wo ni wọ́n ti yọ́ ọ. Tòmátì àti ata rodo, tó kan tó sì ń hó fún wákàtí kan, la sì ń dà sínú ẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, nígbà tí kúkà bá kọ ìkòkò yẹn, ẹ má bínú sí i.

Àwọn kan á ní ọ̀nà àbáyọ wà, pé wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń fi sáàárín kúkà àti ìkòkò tí kò bá gbà. Ẹ má rà á. Irin yẹn ni kúkà á kọ́kọ́ mú gbóná, irin náà á wá máa fi ooru ránṣẹ́ sí ìkòkò díẹ̀díẹ̀, gíláàsì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kúkà á sì pa ara rẹ̀ láàárín ọbẹ̀. Ẹ ti sọ induction di hotplate, owó induction lẹ sì san.

Ó yẹ ká tún béèrè ta ló ń jìyà gáàsì. Ní Sharjah, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iná, omi àti gáàsì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní SEWA, ló ń fi páìpù gbé gáàsì wọ ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà gáàsì ò ṣòroó rí. Ooru rẹ̀ ni mo ní wí sí. Nínú oṣù kẹjọ, ìta ń ju digrí 40 lọ, amúlétutù kì í sábà wà nílé ìdáná àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò yìí, ojú fèrèsé ibẹ̀ sì kéré. Nínú ooru tí gáàsì ń mú wá, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, ló ń wọnú oúnjẹ. Ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ sójú ẹni tó ń dáná. Iná gáàsì tún ń tú nitrogen dioxide sínú afẹ́fẹ́ ilé, èyí tí kò dára fún ẹni tó bá ní àsímà. Induction ń fi nǹkan bí ìdá 85 sínú ìkòkò. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: láti gbé lítà omi kan láti digrí 20 dé 100, ó ń fẹ́ nǹkan bíi 335 kilojoule, kúkà oníwáàtì 2,000 á ṣe é kí ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ tó pé.

Ẹ wo àwọn tó ń tẹnu mọ́ ọn jù pé induction kì í ṣe tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dáná. Pálọ̀ tí amúlétutù ti ń fẹ́ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ilé ìdáná.

Ó di orí àmàlà, tí gbogbo àríyànjiyàn yìí máa ń parí sí. Wọ́n ní gíláàsì á fọ́ bí a bá ń rò ó lórí ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lè fọ́. Ta ló wá ní kẹ́ ẹ rò ó lórí ẹ̀? Omi tó hó dáadáa àti apá tó le ni àmàlà ń fẹ́, kò fẹ́ iná lábẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí aṣọ tútù nílẹ̀, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ fi ẹsẹ̀ di ìkòkò mú bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe, ẹ da èlùbọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi omorógùn rò ó kó má ní kókó. Lẹ́yìn náà, ẹ ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré kó jinná. Àwọn tó ń gbé ìkòkò lérí kúkà gogoro, tí wọ́n ń ro àmàlà lóòró, àwọn gan-an ló ti yí àṣà padà. Ẹ̀bà ńkọ́? Omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́. Iyán? Iṣu kàn ń fẹ́ sísè ni, odó ló kù. Ní àwọn ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ti ṣe ẹ̀rọ agúnyán ní Yunifásítì Ifẹ̀; ẹni tó bá gba ẹ̀rọ láàyè kó gúnyán fún un, kí ló ń wá nínú ìjà kúkà?

Mo gbà pé àwọn nǹkan kan wà tí kò lè ṣe. Kò lè sun bọ̀ọ̀lì, kò lè sun àgbàdo, kò sì lè fi ọwọ́ iná yí ara ìkòkò ìnáwó ká. Ẹni tó bá fẹ́ se ìrẹsì fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, kó lọ wá ibi tí wọ́n ti ń dáná níta. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló ń se ìrẹsì ọgọ́rùn-ún èèyàn lálẹ́ ọjọ́ Tuesday?

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí dídán gíláàsì tàn yín. Ẹni tó bá ń gbé ilé háyà kò nílò olójú mẹ́rin tí wọ́n ń rì mọ́ tábìlì ìdáná. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ń jẹ wáàtì tó lé ní 7,000, ìyẹn nǹkan bí ámíìpù 30, ó sì fẹ́ wáyà tirẹ̀ láti ibi fíúsì wá. Onílé wo ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́ ògiri? Olójú kan tí ẹ lè ki bọ sókẹ́ẹ̀tì lásán, oníwáàtì 2,000, kò dé ámíìpù mẹ́sàn-án lórí iná fóòtì 230 tó wà níbí. Tí ojú kan ò bá tó, ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ ki wọn bọ sókẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ki méjèèjì bọ ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ni. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, iná yín tó jẹ́ fóòtì 120 kì í jẹ́ kí olójú kan ju wáàtì 1,800 lọ, ẹ má retí ohun tí tiwa ń ṣe.

Ibi tí àwọn ọlọ́jà ti ń fi wá jẹ ni òbìrípo tí wọ́n yà sórí gíláàsì. Ó lè fẹ̀ bí àwo, kí òṣùká wáyà abẹ́ rẹ̀ má fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìrẹsì àárín á jóná, ti ẹ̀gbẹ́ á wà ní tútù. Ọlọ́jà kan ní Rolla sọ fún mi pé gbogbo ìkòkò ló ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó ń tà, pé gbogbo ojú ẹ̀ ló sì ń gbóná. Mo ní kó gbé omi díẹ̀ sínú páànù fífẹ̀ kan ká jọ wò ó. Ó ní kò sí omi nítòsí. Àárín ni omi ti máa ń kọ́kọ́ hó, ẹ wo bí ibi tó ń hó ṣe fẹ̀ tó. Bí òṣùká náà ṣe fẹ̀ tó nìyẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ọbẹ̀ wa ni bó ṣe ń ṣe tí ẹ bá dín iná kù. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í dín iná kù rárá: wọ́n á tan gbogbo agbára wọn, wọ́n á pa á, wọ́n á tún tàn án. Ẹ̀gúsí á hó kùtùkùtù, á dákẹ́, á tún hó, ìdí á sì lẹ̀. Òun náà ló ń jó ìdí àmàlà tí ẹ dé sórí iná kékeré. Ẹ tẹ iná tó kéré jù, ẹ wo omi. Tó bá ń hó tó tún ń dákẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Mo fẹ́ràn èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ tí à ń yí ju èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀ lórí gíláàsì, torí ọwọ́ wa kì í sábà gbẹ nílé ìdáná, epo pupa àti omi ata sì máa ń da àwọn onífọwọ́tẹ̀ láàmú. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ nínú àyà rẹ̀, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó rà á. Ní Britain, ohun tí British Heart Foundation ń gbà wọ́n níyànjú ni kí àyà wọn máa jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 60.

Èyí tó bá kù nínú owó yín, ìkòkò ni kẹ́ ẹ fi rà. Ẹ fi òòfà sápò lọ sọ́jà. Kì í ṣe gbogbo ìkòkò tó ń dán bí dígí ni òòfà ń mú, orúkọ "stainless" ò tó ẹ̀rí. Irin dúdú tó wúwo ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òun ló sì ń fún jọ̀lọ́ọ̀fù ní ìdí jíjóná tí ẹ ní kò ṣeé rí lórí induction. Ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n fi tánganran bò, aláwọ̀ funfun tí etí ẹ̀ dúdú, irin ló wà nínú ẹ̀, òòfà á mú un. Tí ìdí ẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí tánganran inú ẹ̀ ò sì tíì bó, ẹ máa lò ó.

N ò sọ pé kẹ́ ẹ fi kúkà yìí ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Òṣogbo tí NEPA ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n. Ibi tí iná wà ni mo ń sọ. Ní ti ìkòkò irin tẹ́ ẹ gbé wá, ẹ má jù ú nù. Gàrí gbígbẹ ni mò ń kó sínú tèmi, ó ní ìdérí tó ṣe wẹ́kú, kòkòrò kì í wọ̀ ọ́.