Àpótí aṣọ àtijọ́ lè wó pa ọmọ



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jogún àpótí aṣọ gíga. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ilẹ̀ yàrá kò sì tẹ́jú. Ọmọ kékeré rí àkàrà lórí rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ń gùn ún. Ìwúwo bọ́ síwájú, àpótí wó lù ú.

Àwọn kan á ní: «Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, kò wó rí.» Òótọ́ ni. Ṣé ikán ti jẹ ẹ́ nígbà náà?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2022 kí àpótí aṣọ tuntun má bàa máa wó lu ọmọ. Ti àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwa onílé ni yóò mójú tó tiwa. A ń so ewúrẹ́ lálaalẹ́, kí ló dé tí a kò so àpótí?

Ìṣó kì í dúró dáadáa lára ògiri amọ̀. Ẹ fi okùn líle so orí àpótí náà mọ́ igi àjà, kí ó le dáadáa. Bí ògiri bá jẹ́ ti sìmẹ́ńtì, kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi irin kàn án mọ́ ọn. Ẹ kó ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀. Ẹ má gbé oúnjẹ sórí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fà á wò. Bí ó bá ṣì ń mì, ẹ tún un so kí ẹ tó sùn.