Òfin kò dè é, òfin kò sì dáàbò bò ó: Ibo ni kírípítò dúró sí fún oníṣòwò Yorùbá ní Treichville?

Láyé àtijọ́, bí ọmọ Èjìgbò kan tó ń ṣòwò ní Treichville bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Nàìjíríà ni yóò fi rán. Owó náà yóò la Gánà, Tógò àti Benin kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ìyá tàbí bíríkìlà tó ń retí rẹ̀. Lónìí, ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ lè fi sẹ́fà ra owó kírípítò ní Abidjan, kí ẹlòmíì gbà á ní Èkó tàbí ní Ọ̀ṣun, kí ó sì di náírà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìrọ̀rùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè títí ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ́yìn yọ: bí owó náà bá sọnù lójú ọ̀nà, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ni ín?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ń yí padà bí èèyàn bá ti ń ré ibodè kọjá. Ohun tó ní òfin tirẹ̀ ní Èkó kò tíì ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Abidjan, bẹ́ẹ̀ owó kan náà ló ń rìn láàárín ìlú méjèèjì.

Kí ló gbé kírípítò dé ọ̀nà Abidjan sí Èkó?

Treichville wà lára àwọn àdúgbò Abidjan tí àwọn Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anàgó, ti ń gbé tí wọ́n sì ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbajúmọ̀ láàárín wọn, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò fúnra rẹ̀.

Owó oríṣi méjì tí ìwà wọn kò jọra ni àwọn oníṣòwò yìí ń ná. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, iye yìí kò sì tíì yí padà láti ìgbà tí yúrò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Àwọn àgbà ọjà kò tíì gbàgbé oṣù Kíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n já iye sẹ́fà sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti dúró sójú kan. Ní ti náírà, láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi í sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye lé e, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí.

Sẹ́fà àti náírà kì í sábà pàdé ní báńkì láìjẹ́ pé dọ́là tàbí yúrò dúró sí àárín wọn. Òfin ẹgbẹ́ UEMOA sì sọ pé owó tó bá ń jáde kúrò nínú orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ, pẹ̀lú ìwé tó fi ìdí rẹ̀ hàn. Oníṣòwò kékeré tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kírípítò bíi USDT, tí àwọn tó ń ṣe é sọ pé ẹyọ kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, ń fà lójú mọ́ra. Ó ṣe iṣẹ́ dọ́là tó wà láàárín, kò sì béèrè ìwé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Bí èèyàn bá béèrè pé "Ṣé kírípítò bófin mu?", ìbéèrè mẹ́ta ló dì pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé owó ni, tí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ gbà bí oníbàárà bá nà án sí i? Èkejì: ṣé dúkìá ni, tí èèyàn lè rà, kí ó ní in, kí ó sì tà á láìdá ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ̀kẹta: ta ló ní àṣẹ láti máa bá àwọn ẹlòmíì rà á tàbí tọ́jú rẹ̀, ta ló sì ń ṣọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ohùn ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan: kì í ṣe owó ìlú. El Salvador tó sọ Bitcoin di owó ìlú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ti tún òfin náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, lẹ́yìn àdéhùn ìyáwó pẹ̀lú àjọ IMF, kò sì sí ọlọ́jà tí wọ́n lè fi ipá mú láti gbà á mọ́. Ìbéèrè kejì àti ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ti pín.

Kí ni òfin sọ ní Côte d'Ivoire?

Côte d'Ivoire kò dá ní àṣẹ lórí owó rẹ̀. Báńkì BCEAO, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar, nìkan ló lè tẹ owó fún Benin, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Mali, Niger, Senegal àti Tógò. Nítorí náà, kírípítò kì í ṣe owó níbẹ̀.

Kò yẹ kí a pa á pọ̀ mọ́ owó orí fóònù bíi Orange Money, MTN MoMo tàbí Wave. Ìlànà BCEAO ti ọdún 2015 sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe owó orí fóònù gbọ́dọ̀ ní àṣẹ, kí iye tó wà lórí fóònù bá iye owó tó wà ní ìpamọ́ mu, kí oníbàárà sì lè gba sẹ́fà rẹ̀ padà pé. Ohun kan ṣoṣo tó da kírípítò pọ̀ mọ́ wọn ni pé orí fóònù ni gbogbo wọn wà.

Síbẹ̀, kò sí òfin tó sọ ní gbangba pé ẹni tó bá ní Bitcoin ní Abidjan ti di ọ̀daràn. Kò sì sí ìlànà UEMOA tó ń fún àwọn oníṣòwò kírípítò ní ìwé àṣẹ tó dá dúró bí ó ti wà fún báńkì. Ibi tí òfin ti mẹ́nu bà wọ́n ni ọ̀rọ̀ sísọ owó èérí di mímọ́: òfin tí ẹgbẹ́ náà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2023 ka àwọn tó ń ṣòwò kírípítò mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà wọn kí wọ́n sì fi ohun tó bá mú ìfura wá tó ìjọba létí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àjọ àgbáyé FATF fi Côte d'Ivoire sínú àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fojú sí lára lórí owó èérí. Orílẹ̀-èdè tó bá wà níbẹ̀ yóò fẹ́ fi hàn pé òun ń ṣọ́ ọ̀nà tí owó ń gbà jáde, pàápàá ọ̀nà tí kò ní ìwé.

Nàìjíríà: láti ìdènà dé ìwé àṣẹ

Ọ̀nà tí Nàìjíríà tọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ Karùn-ún oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báńkì láti ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Òwò náà kò kú; ó kàn kúrò ní báńkì, ó di ti ẹnìkan sí ẹnìkejì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, báńkì náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìdènà yẹn.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, nígbà tí náírà ń já wálẹ̀, ìjọba mú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Binance méjì ní Abuja. Ọ̀kan sá lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Èkejì, Tigran Gambaryan, wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù Kẹwàá. Binance dáwọ́ òwò náírà dúró.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìdókòwò àti ìpín ìdókòwò, èyí tó ka irú dúkìá yìí mọ́ ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ àjọ SEC. Kò pé oṣù kan tí ìdí òfin náà fi hàn: ní oṣù Kẹrin, àwọn tó fi owó sínú CBEX kò rí owó wọn gbà mọ́, inú sì bí àwọn kan ní Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tí wọ́n sì kó ohun tó wà níbẹ̀. SEC ní òun kò forúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ rí.

Òfin kò dá owó àwọn èèyàn padà. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sí ọwọ́ ará ìlú: ibi tí èèyàn ti lè béèrè, kí ó tó fi owó sílẹ̀, bóyá ẹni tó fẹ́ gbà á ní àṣẹ.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò

Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí China yàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 nígbà tó fòfin de gbogbo òwò kírípítò. Ní ti ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè EU láti ìparí ọdún 2024.

Àmọ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Abidjan jù lọ wá láti Bangui. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, orílẹ̀-èdè Central African Republic, tó ń ná sẹ́fà ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, dá sọ Bitcoin di owó ìlú. Àwọn aláṣẹ owó tí wọ́n jọ ń ná sẹ́fà kan náà fárí gá. Kò pé ọdún kan, ní oṣù Kẹta ọdún 2023, tí wọ́n fi yí òfin náà padà. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n: nínú ẹgbẹ́ tó jọ ń ná owó kan, ọmọ ẹgbẹ́ kan kò lè dá ṣòfin owó. Bí ìyípadà yóò bá dé Abidjan, Dakar ni yóò ti wá.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún oníṣòwò?

Owó tó bá gba orí kírípítò láti Treichville dé Èjìgbò ń kọjá lábẹ́ òrùlé méjì. Ní ìkángun Nàìjíríà, ẹni tó gbà á lè wádìí bóyá ilé iṣẹ́ tó ń lò ní ìwé àṣẹ SEC. Ní ìkángun Abidjan, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti béèrè. Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì níbẹ̀ lè lọ fẹjọ́ sùn, nítorí òfin Côte d'Ivoire ti ọdún 2013 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì mú oníjìbìtì, àwọn ọlọ́pàá PLCC sì ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mímú olè yàtọ̀ sí rírí owó gbà padà, kò sì sí àjọ tó lè pàṣẹ fún ẹni tó ń ta kírípítò láti ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò nínú tirẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà. Ẹni tó ń gba sẹ́fà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò kí ó lè bá wọn fi kírípítò ránṣẹ́ lè máa rò pé ìrànlọ́wọ́ lòun ń ṣe. Lójú òfin, ó lè ti di ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí òkè òkun láìgba àṣẹ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, BCEAO ṣí ọ̀nà tuntun tí owó lè gbà kọjá lójú ẹsẹ̀ láàárín báńkì àti owó orí fóònù ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún Yorùbá Treichville tó ní ará ní Kétu, Pobè tàbí Sákété ní Benin. Àmọ́ ọ̀nà náà dópin ní ibodè Sèmè. Èjìgbò wà ní òdìkejì.

Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà tó yára, tí kò wọ́n, tó sì bófin mu láàárín sẹ́fà àti náírà, kírípítò yóò máa rí ààyè níbẹ̀, yálà Dakar sọ̀rọ̀ tàbí ó dákẹ́. Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń pinnu ni ẹni tí yóò ru àdánù bí nǹkan bá bàjẹ́. Ní báyìí, ẹni tó ni owó ló ń dá a rù.