Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Yorùbá Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè ní agbègbè Ifangni sọ láì fepo bọyọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni à ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé girama láti sixième títí dé terminale. Faransé, èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ Tchaada bá pàdé ní ilé-ìwé, ni a sì fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì náà fún wọn. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ láti ẹ̀yìn ìyá wọn wá, ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni a ní kí wọ́n fi sí. Mo ní àṣà yìí ń pa ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí. Je mange ni Faransé sábà máa ń lò fún ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ àti fún ẹni tí ó máa ń jẹun lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: I am eating, I eat. Yorùbá náà yà wọ́n sọ́tọ̀: mo ń jẹun, mo máa ń jẹun. Bákan náà, j'ai mangé lè dúró fún mo jẹun, ó sì lè dúró fún mo ti jẹun. I ate àti I have eaten ni Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n. Ọmọ tí ó kọ I have fifteen years ńkọ́? J'ai quinze ans ni ó ṣì í lọ́nà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí ni ó ń wí nílé, èyí sì sún mọ́ I am fifteen ju ti Faransé lọ. Ìmọ̀ tí à ń wá kiri ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Àwa ni a ní kí ó jù ú nù.

Èmi kò sọ pé Yorùbá nìkan tó. Ó ni àwa fi ń tọ́ka sí ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà ni ọmọ ṣe ń kọ he níbi tí she yẹ. Níbẹ̀, il àti elle ti Faransé ni yóò ràn wá lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò mú èdè tí ó bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu.

Àwọn kan a ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn yẹ ọmọ tí ó ń gbọ́ ọ nílé àti lójú pópó. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni tiwa. Bí a bá fi Yorùbá tú kókó kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyókù wákàtí yóò wà fún ọmọ láti sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn mìíràn a ní kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì ni ọmọ Yorùbá. Òtítọ́ ni, àwọn Gùn àti Tọ̀rì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ Gùn léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tirẹ̀. Èdè rẹ̀ náà ní ohun tí ó fi ń ya iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́ sọ́tọ̀.

Àwọn òbí a sì ní àwọn kò rán ọmọ wá kọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù. Yorùbá kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí a wà. Ẹni tí ó bá gba Ìgòlò kọjá ti dé Ìdìròkó. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba níbẹ̀, Yorùbá ni èdè ọjà, àwọn ènìyàn sì ń sọ méjèèjì láìjà. Kí ló dé tí ohun tí ó bára mu lẹ́yìn ẹnubodè fi di èèwọ̀ nínú kíláàsì wa? Òfin ilẹ̀ wa kò kà á léèwọ̀: abala 11 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990 fún gbogbo àwùjọ ní òmìnira láti lo èdè wọn, ó sì ní kí ìjọba mú èdè ilẹ̀ wa gbèrú.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè. Kí a má ṣe fìyà jẹ ọmọ tí ó fi Yorùbá tàbí Gùn béèrè ohun tí kò yé e nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè yìí jókòó papọ̀, kí a kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí yóò to gbólóhùn Yorùbá, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kí ẹgbẹ́ wa sì ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní: ẹ kó gbólóhùn ilé yín wá.