Ẹ Mú Lápàdé Wá sí Agodi

Bí ará Ìbàdàn bá gbọ́ pé wọ́n ti gbé ẹnì kan lọ sí Agodi, àyà rẹ̀ a já, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Agodi kan náà ni WNTV, ilé amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959, láyé ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. NTA Ìbàdàn ni wọ́n ń pè é lónìí. Ó yẹ kí ilé amóhùnmáwòrán yìí ro ti ilé ẹ̀wọ̀n yẹn, kó máa gbé eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sáfẹ́fẹ́ ní Yorùbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Akọni eré náà ti wà nílẹ̀. Ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ìwé Àjà Ló Lẹrù jáde, ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ni akọni ìwé méjèèjì. Kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba mọ́, síbẹ̀ bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, òun àti Tàfá, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, a tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Òwe kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Kí wọ́n wo Hollywood. Láàárín 1941 sí 1949, ilé iṣẹ́ Columbia fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe fíìmù 14 lórí Boston Blackie, olè àtijọ́ tó wá ń tú àṣírí ọ̀daràn. Chester Morris ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ RKO náà ní akọni tirẹ̀, The Falcon. Nígbà tí George Sanders ò ṣe é mọ́ ní 1942, wọ́n jẹ́ kí akọni náà kú nínú eré, kí arákùnrin rẹ̀ sì gba iṣẹ́ ṣe. Tom Conway tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ ìyá Sanders gan-an ni. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwé Raymond Chandler tó ti wà lọ́jà ni wọ́n mú ṣe ọ̀kan nínú àwọn eré náà.

Agodi pàápàá mọ bí a ṣe ń fi akọni kan ṣe eré léraléra. Ibẹ̀ ni Moses Ọláìyá, aláwàdà, ti di Bàbá Sàlá mọ́ ará ilé lójú, pẹ̀lú táì ràgàjì lọ́rùn. Ìgboro Ìbàdàn náà kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé eré. Ní Bẹyẹrúnkà, àlàfo ilé sí ilé há níbòmíì débi pé ẹni tó ru igbá yóò fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹnìkejì tó kọjá. Bí Tàfá bá lé ọ̀daràn gba ibẹ̀, ta ni kò ní dìde lórí àga? Gbọ̀ngán Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lórí òkè. Kí Lápàdé dúró lábẹ́ àwọn òpó rẹ̀, kó máa wo páànù tó ti dógùn-ún láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kó máa ro ibi tí apànìyàn sá gbà.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, bí wọ́n bá pa èèyàn, babaláwo tàbí wòlíì ló ń rí apani. Ẹni tó ń wo ìyẹn lójoojúmọ́ kò lè mọ bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀. Ó lè wà lára ìdí tí ẹnì kan yóò fi ké "Olè!" lọ́jà, tí táyà yóò fi dé ọrùn ẹni tí wọn ò tíì bi ní gbólóhùn kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìbéèrè ni iṣẹ́ Lápàdé: níbo lo wà? Ta ló rí ọ níbẹ̀? Ta ni ikú olóògbé ṣe láǹfààní?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìdájọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Eré kò lè ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àmọ́ ọmọ tó bá ti kékeré wo Lápàdé, ìbáà di ọlọ́pàá, ìbáà di adájọ́, ìbáà jẹ́ pé ó kàn ń ná ọjà lọ́wọ́ nígbà tí ariwo olè sọ, yóò dúró béèrè pé: ẹ̀rí dà?